Ààlè Tí Òbúkọ So Sọ́nà Ìwòsàn

Àlọ́ mi kò rìn jìnnà. Iwájú ilé Òbúkọ, baálẹ̀ àwọn ẹranko, ló balẹ̀ sí.

Ọ̀bọ fẹ́ jáwọ́ nínú ẹmu àmupara, ó ń lọ gba oògùn lọ́dọ̀ Ìgbín. Bó bá ti ń kọjá, Òbúkọ á dá orin, abúlé á gbè é:

Ọ̀mùtí ń lọ o!
*Jọ́ńtọ́ló!*

"Bàbá, ìwòsàn ni mò ń wá."

"Máa mu ẹmu rẹ nílé! Má gbé ìtìjú wa gba títì." Ó sì so ààlè dí ọ̀nà Ìgbín.

Ọ̀bọ gba inú igbó lọ, ara rẹ̀ sì dá.

Àṣé akèrègbè ẹmu wà lábẹ́ ibùsùn Òbúkọ. Nígbà tí ẹmu mú kí ara Òbúkọ máa gbọ̀n, Ọ̀bọ ní, "Bàbá, ẹ tú ààlè yín, ká jọ lọ."

"Kí wọ́n lè kọrin mọ́ mi? Òtútù ló ń mú mi!"

Bí mo bá purọ́, ẹ wo irùngbọ̀n rẹ̀: ó ṣì ń gbọ̀n, ó sì ní òtútù ni.