Ohùn Báàsì

Orin ń lọ lọ́wọ́, onígìtá báàsì sì ń rẹ́rìn-ín. Gìtá olówó pọ́ọ́kú tí ẹgbẹ́ olórin rẹ̀ ti ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ ti di nǹkan gidi. Ó ti pààrọ̀ okùn rẹ̀ àti máǹgẹ́ẹ̀tì tó ń gbé ohùn. Ní Suame Magazine, àdúgbò àwọn mẹkáníìkì, wọ́n rọ irin tuntun sí ìdí okùn náà. Lónìí, gbọ̀ngàn hòtẹ́ẹ̀lì ní Bantama ń mì tìtì.

"Hafiz, ṣé ò ń gbọ́ ọ?" ó pariwo sí ẹni tó ń tọ́jú ẹ̀rọ ohùn.

"Ó wọra, ẹ̀gbọ́n! Ɛyɛ dɛ, ó dùn!"

Òógùn ń wọ̀ ọ́ lójú. Ó dáwọ́ dúró kó lè nù ún. Ohùn báàsì kò dúró.

Ó wo Fuseini onídùùrù, tó ń fi ọwọ́ òsì tẹ ohùn ìsàlẹ̀ geere. Ó fojú tọ wáyà gìtá rẹ̀ dé ẹ̀yìn ẹ̀rọ. Ẹnu wáyà náà wà nílẹ̀ẹ́lẹ̀, kò kan ẹ̀rọ rárá.

"Láti ìgbà wo?"

Hafiz wolẹ̀. "Ó ti pẹ́, ẹ̀gbọ́n. Kí ẹ tó gbé e lọ sí Suame ni."

Múdà, olórí ẹgbẹ́, sún mọ́ ọn. "Máa ta á lọ, chale, ọ̀rẹ́ mi. Kí o sì rẹ́rìn-ín, wọ́n ń ya fídíò."

Ó ń ta á, ó ń rẹ́rìn-ín.