Òjìji Orí Koríko

"Wò mí níbí, ọkọ mi! Ta ló jẹ bísíkíìtì?"

Onífọ́tò ké bí ẹyẹ, ó gbó bí ajá, àfi bíi pé ògiri ló ń bá ṣeré. Ọmọdékùnrin náà, tí kò tíì pé ọmọ ọdún méjì, kò tilẹ̀ bojú wo kámẹ́rà.

Oòrùn ìrọ̀lẹ́ wà lẹ́yìn obìnrin onífọ́tò náà, òjìji rẹ̀ sì nà gbalaja sórí koríko bí ẹni tí àárẹ̀ mú. Ọmọ náà rìn tàgétàgé lọ bá òjìji náà, ó lóṣòó, ó ń fọwọ́ pa á lórí.

"Pẹ̀lẹ́," ló ń wí. "Pẹ̀lẹ́ o."

Onífọ́tò ya á.

Ó fi fọ́tò náà han ìyá ọmọ. Nínú aláwọ̀, koríko tutù yọ̀yọ̀, ṣòkòtò pupa ọmọ náà gba gbogbo ojú. Nígbà tó sọ ọ́ di dúdú àti funfun, ó ku ọmọ náà àti ẹnì kan tó dùbúlẹ̀ níwájú rẹ̀.

"Aláwọ̀ ni kẹ́ ẹ fún mi, ẹ jọ̀ọ́," ìyá ọmọ wí. "Kẹ́ ẹ sì bá mi yọ òjìji yẹn kúrò. Kí lèyí ń wá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ mi?"

"Kò burú, ìyá ọmọ."

Ní yàrá onífọ́tò, níbi tí aago ara ògiri nìkan ti ń dá sọ̀rọ̀, ó kan fọ́tò dúdú àti funfun náà mọ́ ìsàlẹ̀ ògiri. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó sì rọra gbé orí rẹ̀ sábẹ́ ọwọ́ kékeré inú fọ́tò náà.