Irin Inú Àyà Télọ̀

Ìyàwó télọ̀ fún ewé ugu sínú ife, ó po mílíìkì mọ́ ọn, ó sì gbé e fún ọkọ rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù wọn ní Baṣọ̀run. Láti ìgbà tí wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ ọkàn fún un ló ti ń fún un mu láràárọ̀, kí ẹ̀jẹ̀ tó dànù lè padà sára.

“Ìyá Rónkẹ́, irin àyà mi ò dún mọ́.”

Irin tí wọ́n fi sí i lọ́kàn máa ń dún bí aago, kì í jẹ́ kí obìnrin náà sùn. Ó gbé etí lé ọkọ rẹ̀ láyà. Irin náà dákẹ́ lóòótọ́.

“Ọlọ́run ṣeun! Ó ti bá ara yín mu nìyẹn.”

“Èémí mi ò délẹ̀.”

“Ẹ̀jẹ̀ ni ò tíì tó. Ẹ mu ún tán, ẹ jẹ́ n fún dókítà ní ìròyìn ayọ̀.”

Ó wá ìwé ọsibítù tí nọ́ńbà wà lára rẹ̀. Ọkọ rẹ̀ ti fi gé bátànì kọ́là. Ó to àwọn ègé rẹ̀ pọ̀, ó kà á:

“Ẹ ṣọ́ra fún ewé tútù, ó máa ń pa agbára oògùn yín tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì. Bí irin bá dákẹ́, ẹ̀jẹ̀ ti ń dì mọ́ ọn. Ẹ sáré wá.”

“Bàbá Rónkẹ́, ẹ má mu ún!”

Ife ti ṣófo. Télọ̀ ti gbé orí lé maṣíìnì.