Òkú Tí Ẹja Kò Jẹ

Látìgbà tí jẹ́lífíìṣì pupa, ẹran omi rírọ̀ bí ẹ̀kọ tó máa ń ta ni lára, ti gba gbogbo omi òkun tó wọ àárín àwọn òkè abúlé wọn, àwọ̀n Torleiv kì í sábà gbé ẹja wálé mọ́. Síbẹ̀ inú rẹ̀ dùn lọ́jọ́ tí Sunniva, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, ti ìlú Bergen, níbi tó ti ń ṣèwádìí nípa òkun, dé pẹ̀lú agbọ̀n wáyà. Látìgbà tí ìyá ọmọ náà ti kú, ọjọ́ méjì péré ni Sunniva máa ń lò nílé bó bá wá.

"Bàámi, èéfín tí gbogbo ayé ń tú sójú ọ̀run yìí, òkun ń gbé lára ẹ̀ mì. Àwọn jẹ́lífíìṣì náà ń jẹ lára ẹ̀. Tí wọ́n bá kú, tí wọ́n rì, tí nǹkan kan ò jẹ òkú wọn, wọ́n ti bá wa sin èéfín náà nìyẹn."

"Tí ẹja bá jẹ ẹ́ ńkọ́?"

"Iṣẹ́ parí. Mo ti wọkọ̀ padà sí Bergen nìyẹn."

Torleiv bú sẹ́rìn-ín. "Ẹja tó mọyì ara ẹ̀ ò ní fẹnu kan kinní yìí. Má wulẹ̀ kánjú."

Wọ́n so òkú jẹ́lífíìṣì kan sínú agbọ̀n, wọ́n sọ̀ ọ́ dé ìsàlẹ̀. Láràárọ̀, wọ́n á fà á sókè, wọ́n á bá a níbẹ̀ digbí. Sunniva á wọ̀n ọ́n, á dá a padà. Nígbàkigbà tó bá jí, bàbá rẹ̀ ti wà létí omi, kọfí ti hó. Lọ́jọ́ kan, òkú náà wúwo ju ti àná lọ.

"Omi ló mu," bàbá rẹ̀ wí.

"Ó jọ bẹ́ẹ̀. Ọwọ́ yín ṣe pọ́n báyìí?"

"Òtútù ni. Jẹ ọ̀dùnkún ẹ kó tó tutù."

Báyìí ni Sunniva ṣe lo gbogbo ìgbà òtútù nílé. Wọ́n ń jẹun pọ̀, wọ́n ń fi ara wọn ṣe yẹ̀yẹ́. Nígbà tí yìnyín yọ́, ó padà sí Bergen, ó kọ ohun tó rí síwèé, àwọn onímọ̀ ẹgbẹ́ rẹ̀ sì pàtẹ́wọ́ fún un.

Àwọn olùwádìí mìíràn lọ dán an wò nínú omi mìíràn tó wà láàárín òkè. Kílẹ̀ tó mọ́, ẹja gígùn bí ejò ti jẹ òkú tiwọn tán. Wọ́n ní irọ́ ni Sunniva pa. Wọ́n gbaṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ó kó gbogbo ẹrù rẹ̀ dé, ó ń sunkún. "Bàámi, wọ́n ní mo purọ́! Ṣebí ó ṣojú yín?"

"Ó ṣojú mi, ọmọ mi. Má dá wọn lóhùn. Yàrá ẹ wà bó ṣe wà."

Torleiv gbé àpótí rẹ̀ wọlé, kò sì sọ fún un pé láti ọjọ́ kìíní ni agbọ̀n náà ti ń gòkè lófìfo nígbà tí òun bá dá fà á, pé òun lòun ń so òkú tuntun mọ́ ọn láràárọ̀ kí Sunniva tó jí.