Ìjókòó Tó Bá Ẹ̀yìnkùlé Mu

Báwo ni ìjókòó ṣe gbọ́dọ̀ gùn tó kí ẹlòmíràn tó lè bá ni jókòó lórí rẹ̀? Ó pẹ́ kí Gbémisọ́lá tó rí ìdáhùn ìbéèrè yìí.

Ẹ̀yìnkùlé ilé tí wọ́n gbà ní Ṣakí kò tóbi. Láti ara ògiri dé ọgbà aládùúgbò, ẹsẹ̀ bàtà mẹ́sàn-án ni. Láti ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná dé ìdí igi máńgòrò, mẹ́wàá ó lé díẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló wọ̀n ọ́n. Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni wọ́n kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń ka téèpù ní kíláàsì ẹ̀kọ́ àgbà, ó sì wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mẹta, ọmọ lẹ́yìn, kí ó má baà ṣìṣe. Ayọ̀dàmọ́lá, ọkọ rẹ̀, ń ṣọ́ igbó ẹranko ìjọba lápá Ṣẹ̀pẹ̀tẹ̀rí. Ìparí oṣù ló ń wálé. Gbémisọ́lá kò mọ ẹnì kankan nílùú náà. Ó ní bí ìjókòó bá wà níta, èèyàn á yà. Bí èèyàn bá yà, tó jókòó, ọ̀sán á tètè rọ̀.

Ní ṣọ́ọ̀bù Kẹ́hìndé káfíńtà, ó kọ́kọ́ wo àga onígi mẹ́rin pẹ̀lú tábìlì wọn. Bí ó bá kó wọn sílé, kò ní sí ibi tí yóò sá aṣọ ọmọ sí. Ó wo àpótí kékeré kan. Ìyẹn, ẹnì kan ṣoṣo ló gbà, kì í sì í ṣe ohun tí òun yóò máa dá jókòó lé ló wá rà. Nígbà náà ló rí i ní kọ̀rọ̀, lábẹ́ páànù: pákó igi apá gbọọrọ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin, ẹsẹ̀ bàtà méje géérégé. Ó fẹ̀ ju bẹ́ǹṣì ṣọ́ọ̀ṣì lọ, àlàfo bí ìka kan sì wà láàárín pákó kan sí èkejì.

"Èyí ńkọ́?"

Kẹ́hìndé gbé òòlù ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. "Ìyá ìkókó, èyí kọ́ ni mo rò fún yín. Àwọn tó ni ín ti gba onírin. Wọ́n ní kí n là á dáná."

"Igi apá gidi yìí? Ẹ fẹ́ fi dáná?"

"Ẹ jẹ́ kí n kan tuntun fún yín. Ọ̀sẹ̀ méjì péré."

"Ọ̀sẹ̀ méjì káfíńtà? Ọmọ ẹ̀yìn mi yìí á ti máa sáré!"

Kẹ́hìndé rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kò pẹ́ tí ẹ̀rín náà fi kúrò lójú rẹ̀. "Àlejò ni yín níbí, àbí?"

"Ẹ gbọ́ bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀, ẹ tún ń bèèrè."

Ó họ orí. "Ó dáa. Igi náà ni igi ń jẹ́." Ó fá a, ó sì fi ọmọlanke gbé e gba àárín àdúgbò lọ́sàn-án gangan.

Pákó náà wọ ìdí máńgòrò bí ẹni pé ibẹ̀ ni wọ́n ti wọ̀n ọ́n. Ìpẹ̀kun rẹ̀ kan lọ sílẹ̀ díẹ̀. Gbémisọ́lá fi àfọ́kù búlọ́ọ̀kù gbé e sókè. Omi òjò kì í dúró lórí rẹ̀. Nígbà tí ó rí i bẹ́ẹ̀, orí rẹ̀ ló ti ń wẹ Ìyanuolúwa, ọmọbìnrin rẹ̀, láràárọ̀.

Àwọn ará àdúgbò yà lóòótọ́. Wọn kò jókòó. Ìyá Àpọ́nlé aránṣọ, tí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi, dúró sọ ìjà orogún méjì láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, ó ń gbé ẹsẹ̀ kan, ó ń sọ èkejì.

"Ẹ jókòó, mà."

"Ìdúró ti mọ́ mi lára."

"Ẹ̀yin tó jẹ́ ìjókòó lẹ fi ń jẹun?"

"Òun náà ló ń jẹ́ kí ìdí dùn mí!" Ó rẹ́rìn-ín, ó sì wábi gbà lọ.

Ìyá Waheedat, tí ilé rẹ̀ pààlà pẹ̀lú tiwọn, kì í tilẹ̀ kọjá etí ọgbà. Gbémisọ́lá kò rí Waheedat rí. Ó gbà pé ó ti wà nílé ọkọ. Bí ó bá ti ń wẹ ọmọ, obìnrin náà á dúró síbẹ̀, á káwọ́ sáyà, á máa wò wọ́n. Gbémisọ́lá á bẹ̀rẹ̀ sí í wo ọwọ́ ara rẹ̀. Ṣé omi gbóná jù ni? Ṣé òun ò di ọrùn ọmọ mú dáadáa?

Lọ́jọ́ kan, Ìyá Waheedat wọlé wá. "Gbé e fún mi, Ìyá Ìyanu."

"Ẹ fẹ́ bá mi wẹ̀ ẹ́, mà?"

"Ilé mi ni n ó ti máa wẹ̀ ẹ́. Mo ní báàfù, mo ní àpótí."

Láti ọjọ́ náà, kí oòrùn tó mú ni ó ti ń wá gbé ọmọ. Á dá a padà pẹ̀lú òrí lára, nínú aṣọ ọmọdé àtijọ́ tó mọ́ tónítóní, tó ń rùn káfúrà. Gbémisọ́lá á dúpẹ́. Bí ó bá ku òun nìkan, á sunkún, nítorí ó ti dá a lójú pé gbogbo àdúgbò ti gbà pé òun ò mọ ọmọ tọ́jú.

Á wá jókòó sí ìpẹ̀kun pákó náà, kí àyè lè wà fún ẹni tó bá dé. Ẹsẹ̀ bàtà márùn-ún ààbọ̀ ló máa ń ṣẹ́kù. Ó ti fi téèpù wọ̀n ọ́n.

"Wọn ò fẹ́ bá mi jókòó," ó sọ fún Ayọ̀dàmọ́lá níparí oṣù.

"Bóyá kò gùn tó ni," ìyẹn fi ṣẹ̀fẹ̀. Kò pa á lẹ́rìn-ín.

Lọ́dún kejì, ìjọba gbé iṣẹ́ Ayọ̀dàmọ́lá lọ sí Ìṣẹ́yìn. Pákó náà kò lè wọ ẹ̀yìnkùlé tuntun, wọ́n fi í sílẹ̀. Ọkọ̀ ti ń kùn níta nígbà tí Gbémisọ́lá sáré padà lọ mú ife ọmọ tó gbàgbé. Ìyá Waheedat ti wà nídìí máńgòrò. Ó jókòó sórí pákó náà, ó tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ lé e, kò gbójú sókè. Gbémisọ́lá mú ife, kò kí i.

"Ìgbà tí mo ń lọ ló wá mọ̀ ọ́n jókòó sí," ó sọ nínú ọkọ̀, ọ̀rọ̀ náà sì ń dùn ún títí wọ́n fi dé Ìṣẹ́yìn.

Ọdún mẹ́rin lẹ́yìn náà ló tó gbọ́ lẹ́nu Ìyá Àpọ́nlé pé mọ́ṣáláṣí ló ni pákó náà, pé òkú ni wọ́n fi ń wẹ̀ kí wọ́n tó gba onírin, àti pé ẹni tí wọ́n wẹ̀ gbẹ̀yìn lórí rẹ̀ ni Waheedat, ọmọ ọdún mọ́kànlá, ọmọ kan ṣoṣo tí ìyá rẹ̀ bí.