Ẹ̀gún Tí Ojú-Àwòdì Ṣẹ́ Dànù

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ka ìtàn yìí dé ìdajì kí ẹ tó fi í ránṣẹ́. Ẹ kà á dé ìsàlẹ̀ pátápátá, torí ìsàlẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà.

1.

Obìnrin kan wà tí wọ́n ń pè ní Ojú-Àwòdì níbi iṣẹ́ rẹ̀, torí kò sí ohun tó kéré tó tí kò lè rí. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa yẹ òkúta tí wọ́n gbẹ́ jáde látinú ilẹ̀ jíjìn wò. Wọn á lọ̀ ọ́, wọn á fi ásíìdì yọ́ ọ, wọn á wá gbé ohun tó bá ṣẹ́ kù sábẹ́ awò tó ń sọ ohun kékeré di ńlá.

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ wá gbọ́ ohun tó wà níbẹ̀! Ohun ẹlẹ́mìí kan gbé inú òkun láyé àtijọ́, kò tó eruku. Bí ayé bá le fún un, á kọ́ ilé róbótó yí ara rẹ̀ ká, á sùn síbẹ̀. Ìgbà tó bá jí, á ṣí ilẹ̀kùn ilé náà, á bá tirẹ̀ lọ. Òkun á gbẹ, ilé á kù nínú òkúta títí di òní. Ògiri ilé náà jẹ́ ìpele méjì, bí èèpo àlùbọ́sà. Ìlà kan yí i ní ìbàdí bí ìgbànú. Ẹ̀gún yọ yí i ká, ṣóńṣó ẹ̀gún kọ̀ọ̀kan sì pín bí ìka ọwọ́. Ibi tí ilẹ̀kùn wà, bí ẹ̀gún ṣe rí, bí ògiri ṣe nípọn tó, ìyẹn ni àwọn onímọ̀ fi ń mọ èyí tó jẹ́ ẹbí ara wọn àti èyí tó jẹ́ àjèjì. Ẹni tó bá kọ́kọ́ rí irú tuntun ló máa sọ ọ́ lórúkọ.

Orúkọ yìí gan-an ni Ojú-Àwòdì ń wá. Bàbá rẹ̀, káfíńtà tó ti dàgbà, ń ṣàìsàn, òun nìkan sì lọmọ tí bàbá náà bí. Ó ti ṣèlérí fún un pé, "Bàbá, màá fi orúkọ yín sára ohun tí kò lè parẹ́."

2.

Lọ́jọ́ kan, ó gbé lẹ́búlẹ́bú òkúta sínú ẹ̀rọ tó máa ń gbọ̀n ọ́n kí ìdọ̀tí lè kúrò lára rẹ̀. Ẹ̀rọ yẹn kì í pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́. Ṣe lèèyàn máa ń dúró tì í, torí bó bá gbọ̀n jù, á ba ohun tó wà níbẹ̀ jẹ́. Àfi bí fóònù ṣe dún. Bàbá ni. Ó jáde sí kọ́rídọ̀, ọ̀rọ̀ wọ̀ wọ́n lára, ó gbàgbé ẹ̀rọ. Ìgbà tó padà dé, ẹ̀rọ ṣì ń gbọ̀n gìrìgìrì. Ó pa á, kò sọ fún ẹnikẹ́ni.

Ó fi ojú sí awò. Ilé róbótó rèé, ilẹ̀kùn wà lókè orí, ògiri jẹ́ méjì, ìgbànú wà ní ìbàdí. Ẹ̀gún dà? Kò sí! Ara rẹ̀ ń dán bí ẹyin.

"Yé è! Irú tuntun rèé!"

Ìyá Ìbejì, àgbà tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ nínú yàrá náà, wá wò ó. "Kí ni àwọn àmì wínníwínní tó wà lára rẹ̀ yìí? Ó jọ ojú ibi tí nǹkan ti ṣẹ́."

"Ìyá Ìbejì, ẹ ti tún bẹ̀rẹ̀."

"Òkúta yẹn ṣì kù nínú ike. Rọra fọ òmíràn, ká jọ wò ó."

"Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bí méjì lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ jẹ́ kí èmi náà bí ẹyọ kan!"

Ìyá Ìbejì rẹ́rìn-ín. "Bí o bá bí i, ṣáà jẹ́ ká rí i pé ara rẹ̀ pé."

Ojú-Àwòdì gbọ́, ó ṣe bí ẹni tí kò gbọ́.

3.

Ó kọ̀wé nípa ohun tó rí, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé àwọn onímọ̀, tòun ti orúkọ Bàbá. Áà, ẹ wo ayọ̀! Bàbá dìde lórí ibùsùn, ó fá irùngbọ̀n, ó ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá yà kí i pé, "Bẹ́ ẹ bá ti pè mí, ẹ ti pe ohun inú òkun!"

Ṣùgbọ́n àwọn onímọ̀ ibòmíràn ní kí wọ́n fi ìyókù òkúta náà ránṣẹ́ sáwọn. Wọ́n rọra fọ̀ ọ́. Gbogbo èyí tí wọ́n rí ló ní ẹ̀gún. Wọ́n wá yẹ ti Ojú-Àwòdì wò: ibi tí ẹ̀gún ti ṣẹ́ kúrò pọ̀ lára rẹ̀, ó sì tò gẹ́lẹ́ bíi ti èyí tí wọ́n ti mọ̀ tipẹ́. Kì í ṣe irú tuntun. Ti àtijọ́ ni, ẹ̀rọ ló bọ́ ọ láṣọ. Wọ́n wọ́gi lé orúkọ náà.

Níbi iṣẹ́, wọn ò gbé òkúta fún un mọ́ láìjẹ́ pé ẹlòmíràn máa tún iṣẹ́ rẹ̀ wò. Àwọn tó sọ ọ́ ní Ojú-Àwòdì ṣì ń pè é bẹ́ẹ̀, wọ́n ń fọwọ́ bo ẹnu rẹ́rìn-ín.

4.

Ó lọ bá bàbá rẹ̀.

"Bàbá, kò sí ohun inú òkun yẹn mọ́."

"Ṣé ó kú ni?"

"Kò kú, Bàbá. Kò fìgbà kankan wà. Èmi ni mo ṣẹ́ ẹ̀gún ara rẹ̀."

Iṣẹ́ ọwọ́ ni Bàbá náà ṣe jẹun. "Èèyàn lè ba igi jẹ́. Ṣé kò sẹ́ni tó rí i, kó sọ fún ọ?"

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í tún aṣọ ìbora Bàbá ṣe.

"Ìwọ ni mò ń bi."

"Wọ́n sọ fún mi, Bàbá."

Bàbá ò bú u. Ó kàn fa aṣọ bora, ó kọjú sí ògiri.

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ gbọ́ o. Bí nǹkan bá bà jẹ́ lọ́wọ́ yín, ẹ sọ ọ́ lójú ẹsẹ̀, kẹ́ ẹ má fi pe ara yín lólóríire. Bí ẹnì kan bá ní kẹ́ ẹ tún iṣẹ́ yín wò, ẹ má ṣe kà á sí ìlara. Ẹ dúpẹ́, kẹ́ ẹ tún un wò. Àti pé kẹ́ ẹ tó fi orúkọ ẹni tẹ́ ẹ fẹ́ràn sára ohunkóhun, ẹ jọ̀wọ́, ẹ kọ́kọ́ rí i dájú pé nǹkan náà wà.