Géèmù Tí Faiz Fi Ṣẹ̀sín

Faiz ń bú géèmù kan lórí Fesibúùkù, gbogbo ará ìlú Ugbonla sì ń bá a rẹ́rìn-ín.

"Ẹ wo ọkọ̀ tó ń gba inú ògiri kọjá bí iwin! Ẹja ń fò bí ẹyẹ! Ẹni tó ṣe ìranù yìí, kó yáa lọ máa ta edé."

Ó fún un ní máàkì méjì nínú mẹ́wàá.

Síbẹ̀, kò lè gbé e sílẹ̀. Ọjọ́ kẹrin rèé tó ti ń tukọ̀ kiri inú ayé jákujàku náà, tó ń yà síbi tẹ́nikẹ́ni ò rán an.

Hafeezah, àbúrò rẹ̀, jókòó tì í. Òun nìkan ni kò rẹ́rìn-ín.

"Bọ̀ọ̀dá mi, ẹ tukọ̀ lọ sápá òkun."

Faiz pòṣé, ó tù ú débẹ̀.

Ilé onípákó kan yọ, ilẹ̀kùn rẹ̀ jẹ́ búlúù. Obìnrin kan tó ń yan ẹja lẹ́nu ọ̀nà dìde, ó ń tiro bọ̀ wá pàdé rẹ̀.

Ọwọ́ Faiz dúró.

Ilé wọn ní Abereke ni, èyí tí òkun gbé lọ ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn. Ìyá wọn ni obìnrin náà, tó bá ilé náà lọ.

"Hafeezah, ta ló ṣe é?"

"Èmi ni. Mi ò sọ fún yín, torí mo fẹ́ kẹ́ ẹ sọ òótọ́."

Faiz sáré pa ohun tó kọ rẹ́. Ó ti pẹ́ jù: irinwó ènìyàn ti pín in kiri.

Hafeezah ń wolẹ̀.

"Bọ̀ọ̀dá mi, ṣé ọkọ̀ yẹn burú tó bẹ́ẹ̀ ni?"